Òróró Inú Kóró Èso Igbó: Bí Ó Ṣe Ń Di Oúnjẹ, àti Ohun Tó Kan Ìkẹjà Níbẹ̀

Òróró jíjẹ ni ọ̀rá tí a fà jáde lára èso, kóró tàbí ẹran, tí ènìyàn lè fi se oúnjẹ láìsí ewu fún ara. Èyí tó bá ń ṣàn nínú ooru ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ènìyàn ń pè ní epo tàbí òróró, èyí tó bá sì dì ni wọ́n sábà máa ń pè ní ọ̀rá, ṣùgbọ́n lójú onímọ̀ nípa oúnjẹ, ẹ̀yà kan náà ni méjèèjì, ìwọ̀n ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń yọ́ ló yàtọ̀. Púpọ̀ nínú òróró tí wọ́n ń tà lọ́jà Nàìjíríà ló ń wá láti ara ohun ọ̀gbìn bí ọ̀pẹ, ẹ̀pà àti sóyà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, igbó àti ọ̀dàn kún fún igi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí wọ́n ń so lọ́dọọdún, tí kóró èso wọn sì kún fún òróró. Ohun tí àròkọ yìí ń ṣàlàyé ni bí òróró bẹ́ẹ̀ ṣe ń kúrò nínú kóró dé inú ìkòkò ọbẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, bí a ṣe ń mọ èyí tó yẹ fún jíjẹ, àti ìdí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ fi ń bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè lò ó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ àwọn ará Ìkẹjà àti Agége lógún. Allen Avenue, tó la àárín Ìkẹjà kọjá, jẹ́ òpópónà báńkì, ilé oúnjẹ, ilé ìtàjà ńlá àti ṣọ́ọ̀bù ìpara. Kò jìnnà sí i ni Agídíńgbì, Ọ̀rẹ́gùn, Ọba Akran àti Ọ̀gbà wà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, kí agbègbè náà tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1967. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ Cadbury wà ní Agídíńgbì. Unilever, tó ta màgaríìnì ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà ní Ọ̀rẹ́gùn. Wọ́n sì sábà máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ po búrẹ́dì Agége. Ní Oṣòdì tó wà nítòsí ni FIIRO wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956 kí ó lè wá ọ̀nà tí ohun inú ilẹ̀ wa yóò fi máa di ọjà. Ẹni tó bá sì ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ Allen lásìkò agbálùmọ̀, láti oṣù Kejìlá títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin, yóò rí kóró aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń dán, tí àwọn tó jẹ èso náà ti tu dànù. Ó rọrùn láti rò pé owó ló ń ṣòfò nílẹ̀ yẹn. Bóyá owó ni tàbí pàǹtí lásán, ìdánwò mẹ́ta ló ń fi hàn: báwo ni òróró inú kóró náà ṣe pọ̀ tó, ṣé ó ṣeé jẹ láìléwu, ṣé wọ́n sì lè kó o jọ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́.

Ìdánwò kìíní ni ti ìwọ̀n. Agbálùmọ̀ kò yege níbẹ̀, nítorí pé òróró inú kóró rẹ̀ kéré, kò sì tó owó tí ènìyàn yóò ná láti fọ́ èèpo líle náà kí ó tó kan ọmọ funfun tó wà nínú rẹ̀. Kóró máńgòrò sàn díẹ̀ jù ú lọ, torí pé nǹkan bí ìdá 7 sí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ọmọ inú rẹ̀ tó ti gbẹ ni ọ̀rá. Òrí ju èyí lọ fíìfíì: bí ìdajì ọmọ inú kóró rẹ̀ ni ọ̀rá, ìyẹn ìdá 45 sí ìdá 55 nínú 100. Àpọ̀n, tí í ṣe ọmọ inú kóró èso òro, tún lọ́ràá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè tó ìdá 60 tàbí kí ó lé. Ọ̀rá yìí, pẹ̀lú fífà tó ń fà, ló ń mú kí ọbẹ̀ àpọ̀n kún ẹnu bẹ́ẹ̀. Igi kan tún wà nínú igbó kìjikìji tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Allanblackia, tí àwọn Yorùbá kan ń pè ní orógbò erin, tí ọ̀rá inú kóró rẹ̀ ń lọ sí bí ìdá 70.

Pípọ̀ nìkan kọ́ ló ṣe pàtàkì, irú ọ̀rá tó jẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ni a fi ohun kékeré kan tí a ń pè ní glycerol ṣe, tí ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta so mọ́, irú ásíìdì tó so mọ́ ọn ló sì ń pinnu bóyá yóò dì tàbí yóò ṣàn. Nínú òrí, ásíìdì stearic àti oleic ló pọ̀ jù lọ. Èkíní ń mú kí ọ̀rá le, èkejì ń mú kí ó rọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òrí fi máa ń dì nínú ọyẹ́ tí ó sì ń yọ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Nínú àpọ̀n, ásíìdì lauric àti myristic ló pọ̀, èyí tó mú kí ọ̀rá rẹ̀ sún mọ́ òróró àgbọn àti àdín tí wọ́n ń ṣe láti ara èkùrọ́. Ẹni tó ń ṣe bisikíìtì tàbí ṣokoléètì kò lè fi ọ̀kan dípò èkejì láìwo èyí, torí pé ohun tó yẹ kí ó yọ́ lẹ́nu lè máa yọ́ nínú páálí kí ẹnikẹ́ni tó rà á.

Ìdánwò kejì ni ti ewu. Kì í ṣe gbogbo kóró olóróró ni ènìyàn ń jẹ. Bọ̀tujẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní lápálápá, ní òróró púpọ̀, àmọ́ májèlé wà nínú rẹ̀, fún ẹ̀rọ àti ọṣẹ ni ó sì yẹ. Òróró dóńgóyárò wúlò fún lílé kòkòrò àti fún ìtọ́jú awọ ara, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dín àkàrà. Ìṣin fi hàn pé ibi tó ṣeé jẹ àti ibi tó ń pani lè wà lórí èso kan ṣoṣo: ẹran aláwọ̀ ìyeyè tó yí ìdí kóró rẹ̀ ká lọ́ràá, ó sì dùn, ṣùgbọ́n májèlé tí a ń pè ní hypoglycin wà nínú kóró dúdú rẹ̀, ó sì wà nínú ẹran náà pẹ̀lú níwọ̀n ìgbà tí èso kò bá tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi. Nítorí náà, kóró tí àwọn baba ńlá kò jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ilé àyẹ̀wò kọjá kí ó tó dé ilé ìdáná, kí àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sì fọwọ́ sí i kí ó tó dé orí àtẹ.

Ìdánwò kẹta, ìyẹn ti àsìkò, ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí, bẹ́ẹ̀ ó sì wà lára ohun tó ń ba òróró igbó jẹ́ jù lọ. Inú kóró kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù lipase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú ọ̀rá palẹ̀ kí ọ̀gbìn tuntun lè rí i jẹ nígbà tí kóró bá fẹ́ hù. Bí èso bá ti jábọ́ sórí ilẹ̀ tútù, iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ásíìdì ọ̀rá á máa já kúrò lára glycerol, òróró á máa kan, á sì máa rùn. Bí kóró náà kò bá tètè gbẹ, yóò bu, àwọn kan nínú ohun tó ń mú kí oúnjẹ bu sì ń tu oró tí iná ìdáná kò lè pa. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní Ìkẹjà tó lè sọ ọ̀rá tó ti bàjẹ́ báyìí di tuntun láìpàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣa èso ní ọjọ́ kìíní ló ti pinnu iye tí òróró náà yóò tà nígbẹ̀yìn.

Òrí ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ fún àlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí pé òun ni kóró èso igbó tí ọjà rẹ̀ gbòòrò jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igi òrí, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Vitellaria paradoxa, kì í hù nínú igbó dúdú. Ọ̀dàn ló ń gbé, láti Senegal títí dé Uganda. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Òkè-Ògùn ni ó pọ̀ sí, ní agbègbè Ṣakí, Kìṣí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, títí wọ Kwara àti ilẹ̀ Nupe. Àwọn àgbẹ̀ kì í gbìn ín, wọ́n kàn máa ń dá a sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko ni. Ó tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó sì lè lo ju ọgọ́rùn-ún méjì ọdún lọ láyé. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ni èso rẹ̀ ń jábọ́. Ẹran rẹ̀ tútù, ó dùn, àwọn ọmọdé a máa jẹ ẹ́ lọ́nà oko, àwọn obìnrin ló sì ń ṣa kóró rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù.

Bí wọ́n bá ti ṣa kóró délé, wọ́n á họ ẹran tó kù lára rẹ̀, wọ́n á sì sè é nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 45. Sísè yìí ló ń pa ẹ́ńsáìmù, tí kóró kò fi ní hù mọ́, tí ọ̀rá inú rẹ̀ kò sì ní tú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á sá a sóòrùn títí tí ọmọ inú rẹ̀ yóò fi sún kúrò lára èèpo, tí yóò máa dún bí wọ́n bá mì í. Nígbà náà ni wọ́n á fọ́ èèpo, wọ́n á fẹ́ ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á sì tún ọmọ inú rẹ̀ sá kí omi tó kù nínú rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Kóró tó gbẹ tó báyìí lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn mìíràn, nítorí òjò tí kò jẹ́ kí oòrùn ràn, a máa fi èéfín yá a lórí ààrò. Ìyẹn yá kánkán, àmọ́ èròjà èéfín á wọ inú ọ̀rá, ó lè ṣèpalára fún ara, àwọn tó ń rà á fún oúnjẹ kì í sì í fẹ́ ẹ.

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ òrí fúnra rẹ̀, wọ́n á gún ọmọ inú kóró náà wẹ́wẹ́, wọ́n á yan án nínú ìkòkò títí tí yóò fi máa ta sánsán, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúná títí tí yóò fi di ohun kan tó rọ̀, tó dúdú rẹ́súrẹ́sú. Pípò ló wá kàn, òun ló sì le jù. Wọ́n á da ohun tí wọ́n lọ̀ náà sínú ọpọ́n ńlá, wọ́n á máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì pò ó, wọ́n á máa gbé e sókè, wọ́n á máa lù ú wálẹ̀. Lójú ẹni tó ń wò ó, àwọ̀ dúdú náà á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, á di eléérú, lójijì ọ̀rá á yọ jáde, á sì léfòó gẹ́gẹ́ bí ìfófòó funfun. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi ń lé ọ̀rá kúrò lára ìyẹ̀fun kóró, ọ̀rá tó sì fúyẹ́ ju omi lọ ń gòkè. Bí omi bá gbóná jù, ọ̀rá á yọ́, kò ní ṣeé kó jọ. Bí ó bá tutù jù, yóò dì pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun. Àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ náà ń fi ọwọ́ mọ èyí tó tọ́, wọ́n á máa bu omi gbígbóná tàbí omi tútù sí i bó bá ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ré ìfófòó náà, wọ́n á fi omi mímọ́ ṣàn án, wọ́n á gbé e kaná kí omi tó kù nínú rẹ̀ lè gbẹ tán, wọ́n á jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì rọra da òrí tó mọ́ sínú igbá kí ó dì.

Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ yìí ti wà. Ní Kirikongo lórílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn rí èèpo kóró òrí tó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ń lò ó ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ibn Battuta, tó rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Mali ní ọdún 1352, ṣàpèjúwe èso kan tí wọ́n ń yọ òróró rẹ̀ fún dídín oúnjẹ, fún àtùpà àti fún kíkun ara, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òrí ni. Arìnrìn-àjò mìíràn, Mungo Park, rí i ní ọdún 1796, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ igi náà fún ìgbà pípẹ́. Ní ilẹ̀ Nupe, ní ilẹ̀ Bàrùbá àti ní àríwá Ghana, òrí jẹ́ epo ọbẹ̀. Ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí epo pupa ti pọ̀, fún ìpara àti ìtọ́jú ọmọ ìkókó ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n jù, síbẹ̀ wọn kò ṣàìmọ̀ pé ó ṣeé jẹ, torí pé òrí ni wọ́n fi ń se oúnjẹ Ọbàtálá, tí kì í jẹ epo pupa.

Ọwọ́ nìkan kò lè bọ́ ilé-iṣẹ́. Kìlógíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin ọmọ inú kóró ló ń mú kìlógíráàmù òrí kan wá bí wọ́n bá fi ọwọ́ pò ó, tó túmọ̀ sí pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì ọ̀rá náà ń bá ìdọ̀tí lọ. Ẹ̀rọ ìfúntí, tó ń fi irin tó ń yí fún kóró títí tí òróró yóò fi jáde, ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kẹta ni ti ilé-iṣẹ́ ńlá, níbi tí wọ́n ti ń da hexane, ìyẹn omi kan tó sún mọ́ bẹntiróòlù, sí ohun tó kù lẹ́yìn ìfúntí kí ó lè yọ́ ọ̀rá tó ṣẹ́kù. Nǹkan bí 69°C ni hexane ń hó, nítorí náà wọ́n á fi ooru lé e kúrò nínú òróró, wọ́n á sì gbà á padà fún ìlò mìíràn. Ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí ọ̀rá ṣòfò, ṣùgbọ́n hexane máa ń tètè gbaná, ó sì nílò ẹ̀rọ tó péye àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé.

Òróró tó jáde báyìí kò tíì ṣeé jẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ gọ́ọ̀mù inú rẹ̀, wọ́n á fi sódà pa ásíìdì tó ti já kúrò lára ọ̀rá, wọ́n á fi irú amọ̀ kan fa àwọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi ooru omi tó gbóná ju 200°C lọ lé òórùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ibí ni ìdánwò àsìkò tún ti ń gbẹ̀san: bí ásíìdì tó já bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rá tó ń bá sódà lọ gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè mú òrí tutù díẹ̀díẹ̀ kí apá tó le, tí a ń pè ní stearin, lè dì, kí apá tó rọ̀, tí a ń pè ní olein, sì ṣàn kúrò lára rẹ̀. Apá tó le ló wúlò jù fún ṣokoléètì, nítorí pé ó ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru tó sún mọ́ ti bọ́tà kòkó. Òfin ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2000 gbà pé kí ọ̀rá igi mẹ́fà, tí òrí àti kóró máńgòrò wà lára wọn, lè kó ìdá 5 nínú 100 ṣokoléètì. Máńgòrò tí àwọn ènìyàn ń jẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Allen, ohun tí òfin ilẹ̀ òkèèrè dárúkọ ló wà nínú kóró rẹ̀.

Òṣùwọ̀n wà fún òrí tí wọn kò tíì fọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2017, Codex Alimentarius, tí àjọ àgbáyé FAO àti WHO dá sílẹ̀ láti máa gbé òṣùwọ̀n oúnjẹ kalẹ̀, fọwọ́ sí òṣùwọ̀n kan fún òrí ilẹ̀ Áfíríkà, tó ní kí ásíìdì tó já nínú èyí tó dára jù lọ má ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Ìyá tó bá sè kóró rẹ̀ lásìkò, tó sá a dáadáa, tó sì fi omi mímọ́ pò ó, lè dé ibẹ̀ láìní ẹ̀rọ kankan. Èyí tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé iye kan náà ni àwọn alágbàtà sábà máa ń ra kóró tó dára àti èyí tó ti bu, kò sì sí ẹni tó ń ṣe làálàá lórí ohun tí kò mú owó wá.

Allanblackia fi ìṣòro mìíràn hàn. Ní ọdún 2002, Unilever àti àwọn àjọ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ kóró rẹ̀ di ọjà fún màgaríìnì ní Ghana, Nàìjíríà àti Tanzania, ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù sì fọwọ́ sí òróró rẹ̀ fún jíjẹ ní ọdún 2008. Ọ̀rá rẹ̀ dára, kò sì léwu, ṣùgbọ́n igi náà fọ́n káàkiri inú igbó, kóró rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀ kí ó tó hù, nítorí náà kò rọrùn láti gbìn ín kí ó tó iye tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń béèrè. Igi tó yege nínú ìwọ̀n àti nínú àìléwu tún lè kùnà níbi kíkójọ.

Ti òrí kò rí bẹ́ẹ̀, igi rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró òrí tútù jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, ó sì ṣàlàyé pé bí ìdá 40 nínú 100 òrí àgbáyé ló ń ti ilẹ̀ yìí jáde, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ló ń rí gbà nínú owó ọjà náà, torí pé kóró lásán ló ń tà. Òfin bẹ́ẹ̀ lè fún ilé-iṣẹ́ abẹ́lé láyè, àmọ́ kò lè sọ kóró tó ti bu di òróró tó dára. Ó sì lè já iye owó ọwọ́ àwọn ìyá tó ń ṣa á wálẹ̀ bí kò bá sí ilé-iṣẹ́ tó ṣetán láti rà á. Lọ́wọ́ kan náà, wọ́n ń gé igi òrí ní Òkè-Ògùn sun èédú, èédú náà sì ń wọ Èkó. Igi tó lo ogún ọdún kí ó tó so, iná bọ̀ọ̀lì ìrọ̀lẹ́ kan ń jó o tán.

Nínú gbogbo kóró èso igbó tí àròkọ yìí mẹ́nu bà, òrí àti àpọ̀n ló yege jù fún oúnjẹ. Máńgòrò lè tẹ̀ lé wọn bí ẹnì kan bá lè kó kóró rẹ̀ jọ láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi èso. Agbálùmọ̀ kò yẹ fún òróró, kí àwọn ọmọdé máa fi kóró rẹ̀ ṣeré lọ. Ohun tó kù kì í ṣe ìwádìí tuntun nìkan. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége máa san owó gẹ́gẹ́ bí kóró bá ṣe dára tó, kí wọ́n sì ra ìkòkò ńlá àti ẹ̀rọ ìsákóró fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Òkè-Ògùn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ dáàbò bo igi tó ń so. Kí ẹni tó ń ra òrí ní Allen fún sísè sì kọ́kọ́ béèrè bóyá fún jíjẹ ni wọ́n ṣe é, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó sanwó, nítorí pé òrí tó bá ti ń rùn, ìpara ni kí wọ́n fi ṣe.